Àwọn Ará Orí Omi ní Ha Long

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkàwé wa, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè pé kí ni a ń pè ní ilé, ó dájú pé ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí yín ní ọkàn ni ìpìlẹ̀ tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀, ògiri tí a mọ lé e lórí, àti òrùlé tí a fi bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti rò láti kékeré. Ṣùgbọ́n mo ti dé ibì kan tí a ti bí ènìyàn sí orí omi, tí ó gbé ìyàwó ní orí omi, tí ó sì tọ́ ọmọ dàgbà ní orí omi, tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ kò sì fara kan ilẹ̀ gbígbẹ rí. Ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ nínú fún gbogbo ẹni tí ó ní ilé, àti fún gbogbo ẹni tí ó ń fẹ́ ṣe oore fún ẹlòmíràn.

Orílẹ̀-èdè Vietnam wà ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Éṣíà, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà. Ní apá àríwá rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Quang Ninh, òkun ya wọ inú ilẹ̀, ìyawọ̀ omi náà ni a sì ń pè ní Ha Long. Láti Hanoi tí í ṣe olú-ìlú wọn dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Oṣù Kejì ọdún ni èmi àti ìyàwó mi lọ, nígbà tí òtútù kò tíì kúrò ní apá ibẹ̀. Ìkùukùu bo ojú omi gẹ́gẹ́ bí ọyẹ́ ti máa ń bo orí òkè ní ilẹ̀ wa, àfi pé ọyẹ́ tiwa a máa gbẹ ènìyàn ní ètè, ṣùgbọ́n tiwọn a máa mú aṣọ rin.

Ọkọ̀ wa ṣí kúrò ní èbúté ní òwúrọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ a kò rí ohun kan bí kò ṣe funfun níwájú, funfun lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí òjìji dúdú kan yọ sí wa, òmíràn sì tẹ̀lé e, òmíràn sì tún tẹ̀lé èyí, títí a fi bá ara wa láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkè tí ó dìde ṣánṣán láti inú omi, tí igbó kéékèèké sì hù sí wọn lára bí irun. Àwọn ará ibẹ̀ ka erékùṣù 1,969, omi àti erékùṣù lápapọ̀ sì gba ìwọ̀n 1,553 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ní ọdún 1994, àjọ UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé nítorí ẹwà rẹ̀. Ní ọdún 2000 wọ́n tún kọ ọ́ nítorí ìtàn òkúta rẹ̀. Ní ọdún 2023 wọ́n sì fi erékùṣù Cat Ba àti àwọn tí ó yí i ká kún un.

Òkúta yìí kì í ṣe irú ti Olúmọ tàbí ti Ìdánrè. Òkúta ẹfun ni, irú èyí tí a ń wà ní Ewékoró láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ìkarahun àti egungun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ni ó kó jọ ní ìsàlẹ̀ omi ní ohun tí ó ju igba mílíọ̀nù ọdún lọ sẹ́yìn, tí ó sì dì gbagidi. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ gbé e sókè. Omi òjò a sì máa jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ti í jẹ ẹfun. Bẹ́ẹ̀ ni òjò gbẹ́ àfonífojì sí àárín àwọn òkè náà. Nígbà tí yìnyín ńlá tí ó bo apá àríwá ayé ní ìgbà àtijọ́ sì yọ́, òkun kún, ó sì wọ inú àfonífojì wọ̀nyí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ ní Ha Long, orí àfonífojì tí omi ti bò mọ́lẹ̀ ni ó ń gbà kọjá, ohun tí ó sì ń pè ní erékùṣù, ṣóńṣó orí òkè ni.

Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní ní ayé àtijọ́, nígbà tí ọ̀tá gba orí omi wá láti pa ìlú wọn run, ọba ọ̀run rán abo dírágónì kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ láti gbà wọ́n. Ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye ni àwọn dírágónì náà ń pọ̀ jáde láti ẹnu, ìkọ̀ọ̀kan tí ó bọ́ sínú omi sì di erékùṣù, títí ọkọ̀ ọ̀tá fi sẹ́ mọ́ wọn lára. Ìtumọ̀ Ha Long ni ibi tí dírágónì sọ̀ kalẹ̀ sí. Ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ bà sí ni wọ́n sì ń pè ní Bai Tu Long, èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

A kọjá ní ẹ̀bá òkúta méjì tí wọ́n kọ ojú sí ara wọn bí àkùkọ méjì tí ó fẹ́ jà. A sì kọjá ní ẹ̀bá òmíràn tí ó rí bí àwo tí wọ́n fi ń sun tùràrí. Àwòrán rẹ̀ ni ó wà lára owó bébà wọn tí í ṣe 200,000 đồng. Ọ̀dọ́mọkùnrin ògbufọ̀ tí ó wà pẹ̀lú wa yọ ọ̀kan jáde, ó gbé e sókè, ó sì ní kí a fi wé ojúlówó. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ẹ̀yin ẹ wo òkè, èmi ń wo owó.”

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ihò àpáta Dau Go gbé wà. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ igi ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ní ọdún 1288, àwọn ọmọ ogun Mongol tí wọ́n ti gba ilẹ̀ Ṣáínà kó ọkọ̀ ogun wá sí Vietnam. Balógun Tran Hung Dao kò ní agbára tó tiwọn, ṣùgbọ́n ó mọ omi ilẹ̀ rẹ̀. Ní apá òkun yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni omi ń kún tí ó sì ń fà ní ọjọ́ kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì bí ti Èkó. Ó ní kí a gbẹ́ àwọn igi ńlá ní ṣóńṣó, kí a sì rì wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ odò Bach Dang. Nígbà tí omi kún, tí ó sì bo igi náà, ó rán ọkọ̀ kéékèèké jáde láti tọ́ ọ̀tá níjà, kí wọ́n sì sá. Ọ̀tá lé wọn wọ inú odò. Nígbà náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, igi yọ orí jáde, àwọn ọkọ̀ ńlá sì há sórí wọn bí ẹja nínú ìgèrè. Wọ́n ní ihò Dau Go ni a kó àwọn igi náà pamọ́ sí kí ogun tó dé. Àpẹẹrẹ rere ni èyí fún àwọn ọmọ wa pé ìmọ̀ ohun tí ó wà ní àyíká ẹni lè jẹ́ asà.

Ihò tí a wọ̀ gan-an ni Sung Sot, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ihò ìyanu. Ó wà ní erékùṣù Bo Hon. A gun àtẹ̀gùn òkúta láàárín igbó kí a tó dé ẹnu rẹ̀. Yàrá àkọ́kọ́ kò kéré, àwa sì rò pé òun ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gba ọ̀nà tóóró kan kọjá, yàrá kejì sì ṣí sílẹ̀ fún wa, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn tí ó wà ní òdìkejì fi rí bí èèrà. Òkúta sọ̀ láti òrùlé bí ọmú màlúù, òmíràn sì dìde láti ilẹ̀ láti lọ pàdé rẹ̀. Omi tí ń kán ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni ó ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan a máa fi ẹfun díẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lọ. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lè kọjá kí irú òkúta bẹ́ẹ̀ tó fi gígùn tí ó tó ìka ọwọ́ kún ara rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kàn án, nítorí òróró ara wa a máa dí ojú ibi tí omi náà ń gbà ṣiṣẹ́.

Ní ọ̀sán a bọ́ sínú ọkọ̀ ọparun kékeré, obìnrin kan sì fi àjẹ̀ wà wá gba abẹ́ àpáta Hang Luon kọjá. Àpáta náà lu já bí ẹnu ọ̀nà, òrùlé rẹ̀ kò sì ga púpọ̀ sí orí omi. Ní ìhà kejì ni a bá ara wa nínú adágún kan tí òkè yí ká pátápátá, tí kò sí ariwo nínú rẹ̀ bí kò ṣe ohùn ẹyẹ àti ìró àjẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi jáde.

Bí ìrìn-àjò wa bá parí sí ibẹ̀, ìbá ti dára tó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì a wọ ọkọ̀ mìíràn tí ó gba ìhà ìlà-oòrùn lọ, ó sì gbé wa dé Vong Vieng, ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí ó léfòó.

Kí ẹ má ṣe rò pé irú Makoko ni, tàbí irú Gànvíé tí ó wà lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin. Ilé tiwa ní ibẹ̀ yẹn, orí òpó ni ó dúró. Tiwọn kò ní òpó. Pákó ni wọ́n so pọ̀, tí wọ́n gbé ka orí àgbá àti ohun mìíràn tí í léfòó, tí wọ́n sì fi okùn so mọ́ àpáta. Bí omi bá kún, ilé gòkè. Bí omi bá fà, ilé sọ̀ kalẹ̀. Ní iwájú ilé ni àgò àwọ̀n wà nínú omi, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja. Ajá ń ṣọ́ ojúlé gẹ́gẹ́ bí ti orí ilẹ̀. Omi mímu ni wọ́n ń rà láti inú ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ni ó yí wọn ká. Ní ìgbà kan, nǹkan bí 1,600 ènìyàn ni ó ń gbé ní abúlé mẹ́rin lórí omi Ha Long: Cua Van, Ba Hang, Cong Tau àti Vong Vieng. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó léfòó wà fún àwọn ọmọdé, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà kò sì mọ ìwé kà rárá.

Ìyá tí ó wà ọkọ̀ fún wa níbẹ̀ tó ẹni àádọ́ta ọdún. Mo ṣe àkíyèsí pé ògbufọ̀ wa kò dárúkọ rẹ̀ bí ó ti ń bá a sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ní èdè àwọn, ẹnìkan kì í kàn sọ pé “ìwọ” sí àgbà. Orúkọ ìbátan ni àwọn fi ń pe ara wọn, ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìbáà ṣe àjèjì ni. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́ èyí, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tí ó dé ilé, ó sì yí sí obìnrin náà, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi.” Nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó dáwọ́ àjẹ̀ dúró, ó sì wo ìyàwó mi pẹ̀lú ẹ̀rín.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún wa pé inú ọkọ̀ ni a bí òun sí, àti pé òun ti mọ ọkọ̀ wà kí òun tó lè ka owó. Ní ọdún 2014, àwọn aláṣẹ kó gbogbo ìdílé tí ó wà ní àwọn abúlé náà, tí wọ́n ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ, wọ́n sì kọ́ ilé fún wọn ní orí ilẹ̀, ní Ha Phong. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò burú: kí àwọn ọmọ lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pípé, kí ìjì má ṣe gbé ẹnikẹ́ni lọ mọ́, kí ìdọ̀tí sì dín kù nínú omi. Nísinsìnyí, ní òròòwúrọ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń wọ ọkọ̀ padà wá sí ibi tí wọ́n ti ń gbé tẹ́lẹ̀, láti wa àwọn àlejò kiri.

Ìyàwó mi bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni ó dára jù fún yín, ilé orí omi ni, tàbí ti orí ilẹ̀?”

Kò yára dáhùn. Ó wa ọkọ̀ lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí a dé orí ilẹ̀, n kò lè sùn, nítorí ibùsùn kò mì. Ọkọ mi dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti lọ wo okùn ilé wa, kí ó tó rántí pé kò sí okùn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kan ó kọ nǹkan sí ara ògiri, ó ní, ‘Ìyá mi, orúkọ yín nìyí.’ N kò tíì rí orúkọ mi rí títí di ọjọ́ náà. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ún kúrò.”

Ó tún wa ọkọ̀ lọ díẹ̀, ó sì ní, “Lórí omi, bí ebi bá ń bọ̀, mo lè gbé àwọ̀n lọ pàdé rẹ̀. Lórí ilẹ̀, ewébẹ̀ pàápàá, owó ni. Ọkọ mi mọ orúkọ gbogbo ẹja, ó mọ ibi tí ìjì yóò gbà wọlé; ní ìlú, kò sí ẹni tí ó ń san owó fún ìmọ̀ yẹn. A fún wa ní ilé. A kò fún wa ní iṣẹ́ tí ó bá ọwọ́ wa mu.”

Ní ibì kan láàárín àpáta méjì ó tún dá àjẹ̀ dúró. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe omi àwọ̀ ewé. Ó nawọ́ sí i, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ pé, “Ilé wa.”

Ẹ̀yin olùkàwé mi, n kò lè sọ pé àwọn aláṣẹ ṣe ibi. Òkun náà kò ṣe é fi ṣeré. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjì Yagi wọ ibẹ̀, ó fọ́ ọ̀pọ̀ àgò ẹja túútúú, ó sì ri ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjì òjijì kan dojú ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò kan dé ní Ha Long yìí kan náà, ó sì ju 30 ènìyàn lọ tí ó kú. Bí irú ìjì wọ̀nyí bá bá ọmọdé nínú ilé pákó, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀? Ìdọ̀tí pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ní erékùṣù Cat Ba, irú ẹranko kan wà tí ó jẹ́ ìbátan edun, orí rẹ̀ pọ́n bí wúrà. Kò sí ní ibòmíràn nínú gbogbo ayé, àwọn tí ó kù kò sì tó 100. Ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà yẹ fún ìtọ́jú. Ọmọ tí ó sì kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sára ògiri, ta ni yóò sọ pé kí ó padà sí àìmọ̀wé?

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyá náà kò kúrò ní ọkàn mi. Oore tí a ṣe fún ènìyàn láìbi í léèrè ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ìdajì oore ni. Ìyàtọ̀ wà láàárín ilé àti ibùgbé. Ilé ni a fi pákó tàbí sìmẹ́ǹtì kọ́, ṣùgbọ́n ibùgbé ni ibi tí ìmọ̀ ẹni ti wúlò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Keje ọdún 2012, a wó ọ̀pọ̀ ilé lórí omi ní Makoko ní Èkó, ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì ní ibi tí wọn yóò forí lé. Ní ọdún 2013, ayàwòrán ilé Kunlé Adéyẹmí parí ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó léfòó síbẹ̀ kan náà, gbogbo ayé sì yìn ín; ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá wó o lulẹ̀. Ẹni tí ó wó ilé àti ẹni tí ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó dúró fún wa láti dáhùn: báwo ni a ó ṣe fún ọmọ ará orí omi ní ìwé, láìgba àjẹ̀ kúrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀?

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ìyá náà gbé wa padà sínú ọkọ̀ ńlá. Ìyàwó mi tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi fún un. Òun náà wo ara rẹ̀ yíká, kò rí ohun tí yóò fi san án. Ó bá bọ́ ate tí ó fi ewé hun kúrò lórí, ó sì dé e fún ìyàwó mi. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yí orí ọkọ̀ rẹ̀ padà, ìkùukùu sì gbà á lójú wa kí ó tó dé ìdí àpáta.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ti ka èyí tán fún àwọn ọmọ yín ní alẹ́ yìí, ẹ bi wọ́n pé: bí àjèjì kan bá fẹ́ fún wa ní ilé tuntun, kí ni ohun tí ó wà nínú ilé wa yìí tí kò gbọdọ̀ gbàgbé láti gbé bá wa lọ? Ẹ fetí sí ìdáhùn wọn. Ó ṣeé ṣe kí ó yà yín lẹ́nu pé wọn kò ní dárúkọ àga tàbí ibùsùn.